"Ṣé Ọmọ Mi Á Rìn?": Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun Tí Ọmọ Tó Ní CP Lè Fi Ara Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, nọ́ọ̀sì àti tíṣà sọ n'Íbàdàn nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo tẹ̀ ẹ́ síbí, torí àwọn tí ò ráyè wá ń bèèrè.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ pọ̀n ọmọ-ọmọ yín wá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin físíò (physiotherapist) ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tíṣà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lórí ẹní níwájú níbẹ̀ yẹn, tìtorí yín la ṣe wá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tó bá wù wọ́n, ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ohùn mi á borí ẹ̀. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún? Ẹ ṣeun.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wọn ohun tí ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn kí ọpọlọ tó fara pa má lè darí ara bó ṣe yẹ, tí gbogbo wa ń pè ní CP, lè fi ara rẹ̀ ṣe. Ẹlòmíì á ní kí la tún fẹ́ wọ̀n, ṣé a ò rí ọmọ náà lójú ni? Ọmọ ò jókòó, ọmọ ò rìn, ó parí. Rárá o, kò parí. Ìbéèrè kan wà tí òbí kì í ṣaláì bi mí, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni o, bóyá tòmátì ló ń tà ni o: "Ẹ jọ̀ọ́, físíò, ṣé ọmọ mi á rìn?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Àmọ́ ẹni tí ò bá wọn ọmọ yín ò lè dá yín lóhùn.

Mo mọ ìyá kan tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọmọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún. Wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nídìí, wọ́n á ní "mọ́mì, ẹ máa mú un bọ̀." Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibi báyìí ni ọmọ yín wà, ibi báyìí ló lè dé. Obìnrin náà ta ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé ọmọ lọ sílé agbo, ó gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ó yáwó kó lè gbé e lọ sílùú míì. Mi ò bá a wí o, ta ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Bí wọn ò bá sọ ibi tí ọmọ ẹni wà fúnni, kò sọ́nà téèyàn ò ní tọ̀.

Nítorí náà ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju èyí lọ: kò yẹ kí òbí kankan gbé ọmọ CP kúrò nílé ìwòsàn láì mọ ìpele tí ọmọ rẹ̀ wà, láì mọ ohun tí ìpele yẹn ń sọ nípa ọjọ́ iwájú, àti láì jẹ́ pé ẹnì kan bi í pé nílé ńkọ́, kí ni ọmọ yìí ń ṣe nílé? Mẹ́ta yìí náà ni màá tẹnu mọ́.

Kó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ n yára sọ èyí. CP kì í ṣe àrùn ẹsẹ̀. Ọpọlọ ló fara pa, bóyá nínú oyún, bóyá nígbà ìbí, bóyá láìpẹ́ sígbà tí wọ́n bí ọmọ. Ọgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ò ní máa pọ̀ sí i, àmọ́ ara tí ọpọlọ ń darí ń dàgbà, iṣan ń le, egungun ń gùn, ìdí nìyẹn tí ohun tí ojú ń rí fi ń yí padà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, a mọ ohun tó sábà máa ń fà á: ọmọ tí ò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí wọ́n ń fi oòrùn àárọ̀ tọ́jú nílé títí ó fi wọ ọpọlọ, yírùnyírùn, ibà tó gun orí tó wá di gìrì. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe àjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun! Ọmọ tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kánfọ̀ yẹn lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ibà pọ́njú sì kì í mọ́lẹ̀. Mo yà síbẹ̀ torí ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká padà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ìpele. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí dókítà máa ń kọ sínú fáìlì ni pé CP ọmọ yìí kéré, tàbí ó mọ níwọ̀n, tàbí ó le. Kí ló kéré? Kí ló le? Èyí tí dókítà kan pè ní kékeré, dókítà kejì á pè é ní líle. Ìgbà tó di 1997 ni Robert Palisano, Peter Rosenbaum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìpele márùn-ún jáde láti CanChild, ibùdó ìwádìí kan ní Yunifásítì McMaster, nílùú Hamilton ní Kánádà. GMFCS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní fóònù lè wà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó wà láàárín ọdún 6 sí 12. Ìpele 1: ó ń rìn nílé, ó ń rìn níta, ó ń gun àtẹ̀gùn láì di nǹkan mú, ó ń sáré, ó ń fò, àmọ́ eré rẹ̀ ò yá tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró. Ìpele 2: ó ń rìn, àmọ́ tó bá di orí àtẹ̀gùn á wá ibi dì mú, tó bá di ọ̀nà gbágungbàgun tàbí àárín èrò bíi ọjà Bódìjà lọ́sàn-án, ó di wàhálà. Ìpele 3: wọ́kà (irin tí wọ́n ń dì mú rìn) tàbí ọ̀pá ló fi ń rìn nínú ilé, tí ọ̀nà bá jìn, wheelchair ni. Ìpele 4: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ kó tó kúrò lójú kan, àfi tó bá ní kẹ̀kẹ́ tó ń lo bátìrì, ó lè gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ nílé tí wọ́n bá dì í mú. Ìpele 5: orí àti àyà ò dúró dáadáa, gbígbé ni wọ́n ń gbé e níbi gbogbo.

Ìyá kan gbọ́ ìpele 5, ó bú sẹ́kún. Ẹ jọ̀ọ́, ìpele yìí ò sọ nǹkan kan nípa bí ọmọ ṣe gbọ́n tó, kò sọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Tọwọ́ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, MACS ló ń jẹ́, Ann-Christin Eliasson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ló gbé e jáde ní 2006, bí ọmọ ṣe ń mú nǹkan lójoojúmọ́ ló ń wò, òun náà ìpele márùn-ún. Ọmọ lè wà ní ìpele 4 lẹ́sẹ̀ kó wà ní ìpele 2 lọ́wọ́, irú ọmọ yẹn á kọ̀wé, á tẹ fóònù, ẹ̀yin tíṣà, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ tún fetí sí èyí. Ọjọ́ orí ń kó ipa. Àlàyé tó wà fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún 2 sí 4, ó yàtọ̀ sí ti 4 sí 6, ó yàtọ̀ sí ti 6 sí 12, ní 2007 wọ́n wá fi ti 12 sí 18 kún un. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún méjì, ìpele rẹ̀ ṣì lè yí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó sábà máa ń dúró síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni wíwọ̀n fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ náà la ti máa dé ọ̀rọ̀ nílé, ibí sì ni mo ti fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀. Ìpele ń sọ àdúgbò tí ọmọ wà fún wa, kò sọ bóyá ó ti tẹ̀ síwájú láàárín oṣù mẹ́ta. Èyí tó ń sọ ìyẹn ni GMFM, Dianne Russell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà yẹn náà ló gbé e jáde ní 1989. Ohun 88 la máa ní kí ọmọ ṣe, láti orí ìdùbúlẹ̀ àti yíyí, dé jíjókòó, dé rírá àti kíkúnlẹ̀, dé dídúró, títí dé rírìn, sísáré àti fífò. Ọmọ ọdún márùn-ún tí kò ní CP lè ṣe gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá o: ẹní, àga, bọ́ọ̀lù, bèbí, aago, àtẹ̀gùn márùn-ún, tépù tí a fi fa ìlà sílẹ̀. Àsìkò ló ń gbà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé èrò ti tò dé géètì.

Ẹ wo ọ̀kan péré nínú 88 yẹn. Ọmọ jókòó lórí ẹní, ẹsẹ̀ lásán, ọwọ́ rẹ̀ ò ti ilẹ̀. Mo gbé bèbí sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo ní kó yí, kó fọwọ́ kàn án, kó sì padà síbi tó wà. Bí kò bá gbìyànjú rárá, òdo. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí tó dúró síbẹ̀, 1. Bó bá nawọ́ dé ẹ̀yìn àmọ́ tí kò kan bèbí, tàbí tí kò lè padà, 2. Bó bá ṣe é láṣeparí, 3. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbà á láyè, èyí tó dáa jù nínú ẹ̀ẹ̀mẹta la máa kọ. Ẹ ò rí i, ìyá ọmọ á máa wò mí pé kí ni ti bèbí yìí, ìrìn ni mo bá wá. Àmọ́ ọmọ tó wà ní òdo lóṣù tó kọjá tó wá dé 2 lónìí, àyà rẹ̀ ti ń gbé ara rẹ̀ dúró, ó ti lè yíjú wo ẹni tó ń pè é lẹ́yìn láì ṣubú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí a ò bá wọ̀n ọ́n, a ò ní rí i, òbí á ní físíò ò ṣe nǹkan kan, á sì gbé ọmọ sá.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́ lọ́dọ̀ wa, mo fẹ́ kí ẹ̀yin físíò kékeré gbọ́ dáadáa. Ọmọ tí ibà pọ́njú ló dé ọpọlọ rẹ̀, etí rẹ̀ lè má gbọ́ dáadáa. Ẹ ó ní "yí síbí," kò gbọ́, ẹ ó kọ òdo. Etí ni òdo yẹn, kì í ṣe ara! Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò, ẹ sì ṣe é kó rí i pẹ̀lú ojú, òfin GMFM gbà á láyè pé kẹ́ ẹ fi hàn án. Irú ọmọ yẹn kan náà, ara rẹ̀ máa ń lọ́, bẹ́rù bá bà á á tún lọ́ sí i, bó bá rí aṣọ funfun ó ti tán, nítorí náà ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣeré, ẹ jẹ́ kó jẹun, kí ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Ẹ sì bá a sọ èdè tó ń gbọ́ nílé. Ọmọ tó jẹ́ Yorùbá ni ìyá àgbà rẹ̀ ń bá a sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òyìnbó lẹ ń sọ sí i, ṣé ọmọ lẹ̀ ń wọ̀n àbí òyìnbó?

Ìwọ̀n míì tún wà tí wọ́n fẹ́ràn, Ashworth, àtúnṣe rẹ̀ jáde ní 1987. Wọ́n á na ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n á fi òdo dé 4 sọ bí iṣan ṣe le tó. Ó wúlò, mi ò ní kò wúlò. Àmọ́ ẹsẹ̀ lè rọ̀ kí ọmọ má lè ṣe ju ti àná lọ, kódà ọmọ míì wà tó jẹ́ líle yẹn ló fi ń dúró, ẹ rọ̀ ọ́ tán, ó ṣubú. Ẹni tó bá ní ọmọ yín ti sàn torí pé ẹsẹ̀ rọ̀, ẹ bi í pé kí lọmọ ń ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ nílé. Ọmọdébìnrin kan wà, ọmọ ọdún méje, ìpele 3. Lọ́dọ̀ wa, lórí táìlì tó ń dán, ó di wọ́kà rẹ̀ mú, ó rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìparí kọ́rídọ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo wá bi màmá rẹ̀ pé nílé ńkọ́? Ó dákẹ́. Mo tún bi í. Ó ní "Físíò, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́kà wà, aṣọ la ń fi kọ́." Iyanrìn ló kún àgbàlá wọn, pèpéle ilé ga, táyà wọ́kà á rì. Ọmọ ń rá nílẹ̀ nínú ilé, ìyá ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé, ọmọ ọdún méje o, ẹ̀yìn ìyá sì ti ń dùn ún.

Ìwọ̀n kan wà tó ń mú irú èyí, FMS, Kerr Graham àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ló gbé e jáde ní 2004. Kò gbà ju ìbéèrè lọ. Nínú ilé, níwọ̀n mítà 5, báwo lọmọ yín ṣe ń lọ láti ibì kan síbòmíì? Ní ilé ìwé, mítà 50? Níta, bíi ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, mítà 500? 1 ni wheelchair, 2 ni wọ́kà, 3 ni kírọ́ọ̀ṣì, 4 ni ọ̀pá, 5 ni pé ó ń rìn fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, 6 ni pé ó ń rìn níbi gbogbo. Tó bá ń rá, C la máa kọ. Ohun tó ń ṣe gan-an lẹ máa sọ o, ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Ọmọbìnrin tí mo ń sọ yìí, táa bá wò ó lórí táìlì, 2 ni. Nílé, C.

Kí la wá ṣe? A ò fi eré ìdárayá kankan kún un. Màmá rẹ̀ lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù, wọ́n da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, wẹ́ńdà kan fi páìpù omi ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, wọ́n sì gé pèpéle náà dagẹrẹ. Nígbà tí wọ́n padà wá, GMFM rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí rárá. Àmọ́ C ti di 2. Ọmọ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ́, ó ń lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní géètì. Ká ní GMFM nìkan la wọ̀n, a ó ní kò sí ìyípadà! Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn tí wọn ò bèèrè ilé, ẹ̀yin ẹ sọ fún wọn. Ẹ ya fídíò bó ṣe ń lọ láti yàrá dé páálọ̀, ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta, ìyẹn ọjọ́ iwájú. Ní 2002, Rosenbaum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní JAMA. Ọmọ CP 657 ní Ontario ni wọ́n fi GMFM wọ̀n léraléra, wọ́n wá fa ìlà márùn-ún, ìpele kan, ìlà kan. Ẹ rántí ìlà tó wà lórí káàdì ọmọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wò ó bóyá kílò ọmọ ń lọ bó ṣe yẹ? Bó ṣe rí nìyẹn. Ìlà yẹn fi hàn pé ọmọ ìpele 1 máa ń dé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó máa ní kó tó pé ọdún márùn-ún, tí ọmọ ìpele 5 sì ti máa ń débẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, ṣé ọmọ yín á rìn? Ìpele 1 àti 2, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa rìn, kódà tó bá pẹ́. Ìpele 3, á rìn pẹ̀lú ohun tó máa dì mú, ẹ tètè wá wọ́kà, ẹ má tijú rẹ̀. Ìpele 4 àti 5, mi ò ní tàn yín: tó bá ti kọjá ọdún márùn-ún tó ṣì wà níbẹ̀, ìrìn àdárìn kọ́ lẹ máa fi gbogbo owó lé. Ẹ fi owó yẹn ra àga tó máa gbé e ró, ohun tó máa fi wọ mọ́tò, ọ̀nà tó máa fi bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mo rí ojú yín. Ẹ ò ní dẹ́kun àdúrà, èmi náà ń gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ má pàdánù ọdún mẹ́wàá lórí ohun kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ n fi kún un pé ọmọ Ontario ni wọ́n fi fa ìlà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ò rí físíò títí wọ́n fi pé ọdún mẹ́ta. Èmi ò lè torí ìlà yẹn sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé jókòó rí ti dé òpin agbára rẹ̀. Màá kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, màá wọ̀n ọ́n, màá tún un wọ̀n, kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìdí méjì míì tí ìpele fi ṣe pàtàkì. Ní 2009, Steven Hanna àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọ̀nyí títí wọ́n fi bàlágà, wọ́n rí i pé àwọn tó wà ní ìpele 3, 4 àti 5 máa ń pàdánù nínú ohun tí wọ́n ti lè ṣe tẹ́lẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti kọjá bí ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ. Ara ń wúwo, iṣan ń ká. Ẹ má sọ pé ó ti dàgbà, kẹ́ ẹ wá dáwọ́ wíwọ̀n dúró. Ìkejì ni egungun ìbàdí tó máa ń yẹ̀. Ní Melbourne ní 2006, wọ́n wò ó: nínú ọmọ ìpele 1, kò sí ìkankan, nínú ọmọ ìpele 5, 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò kọ́kọ́ ń dunni, ìgbà tó bá fi máa dun ọmọ ó ti yẹ̀ jìnnà. Nítorí náà ìyá tó bá mọ̀ pé ìpele 3, 4 tàbí 5 lọmọ òun wà gbọ́dọ̀ bèèrè X-ray ìbàdí kó tó dìgbà tí ọmọ á máa ké tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ pámpáàsì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ya X-ray ọmọ léraléra tó. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìwé lásán?

Èyí tí màá fi kádìí rẹ̀ ni bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe lè wọn nǹkan nílé. Kiresuk àti Sherman ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà yìí, Goal Attainment Scaling, jáde ní 1968, fún ìtọ́jú àwọn tó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ (mental health) ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, àmọ́ a ti ń lò ó fún àwọn ọmọ wa. Ẹ ó mú ohun kan tó ń dà yín láàmú gan-an. Ìyá kan tó ń din àkàrà ní àárọ̀, ọmọ rẹ̀ wà ní ìpele 4, ohun tó fẹ́ ni pé kí ọmọ jókòó kí òun lè din àkàrà. Ó parí. A kọ ọ́: ibi tó wà báyìí, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dì í mú, ìyẹn −2. Tó bá jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àga láì sẹ́ni tó dì í mú, −1. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òdo, ibi tí a ń retí láàárín oṣù mẹ́ta nìyẹn. Tó bá tún fọwọ́ ara rẹ̀ mú àkàrà jẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, +1. Tó bá di ààbọ̀ wákàtí, +2. Kápẹ́ńtà àdúgbò ló ṣe àga yẹn, àmọ́ a wọn ọmọ kó tó gé pákó: láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀, láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, fífẹ̀ ìbàdí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àga ìyá àgbà tí ẹ fi ìrọ̀rí há ọmọ sí, ńṣe lá máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀, tàbí tẹ pákó. Oṣù mẹ́ta pé, ìyá pè mí lórí fóònù, "Físíò, +1 o!" Ó ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ kí gbogbo yín mọ tiyín. Àwọn físíò mẹ́ta wà lápá òsì mi níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ẹní, kò sí ẹni tó máa gbowó. Ẹ gbé ọmọ yín débẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, wọ́n á wo ìpele rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí káàdì, wọ́n á bi yín ní mítà 5, mítà 50 àti mítà 500. Ẹ sọ bó ṣe rí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gba ẹ̀dà káàdì yẹn lọ́wọ́ òbí, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọmọ jókòó sí ní kíláàsì.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ó ku ìbéèrè. Màmá tẹ́ ẹ wọ ankárá búlúù tẹ́ ẹ ti nawọ́ látìgbà yẹn, ẹ gba máíkì.